Ìlẹ̀dú àti Fàtíláísà: Ẹ̀kọ́ tí Ilẹ̀ Dọpẹmu àti Agége Kọ́ Wa

Bí àlejò kan bá sọ̀kalẹ̀ ní Dọpẹmu lónìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, àti ọkọ̀ tí ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lórí rẹ̀, àti ilé tí ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé oko ni gbogbo ibẹ̀ rí. Apá kan Dọpẹmu bọ́ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Agége, apá kejì sì bọ́ sí abẹ́ ti Alímọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ ààlà tí ìjọba pa. Erùpẹ̀ pupa oníyanrìn kan náà ni ó tẹ́ láti Agége títí dé Ìgàndò. Lórí erùpẹ̀ yìí ni àwọn Àwórì ti dá oko iṣu àti àgbàdo; lórí rẹ̀ ni a ti gbin kòkó, àti obì tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Haúsá; lórí rẹ̀ pẹ̀lú ni a ti rí i gbangba pé ó ń rẹ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rẹ ènìyàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó yẹ kí a fi bọ́ ilẹ̀ tí ó ń bọ́ wa? Àwọn kan wí pé ìlẹ̀dú nìkan ni, èyíinì ni erùpẹ̀ dúdú tí ewé, èèpo oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹran máa ń dà nígbà tí wọ́n bá jẹrà pọ̀. Àwọn mìíràn wí pé ayé ìlẹ̀dú ti kọjá, àti pé fàtíláísà, ajílẹ̀ oníyọ̀ tí a ń ṣe ní ilé-ẹ̀rọ tí a sì ń tà ní àpò, ni ó lè bọ́ ayé òde òní. Bí a bá fi sùúrù tẹ̀lé ìtàn ilẹ̀ wa, a ó rí i pé ìdajì òtítọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dì mú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa. Wọn kò ka ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilẹ̀. Wọ́n a ṣán igbó, wọ́n a sun ún, wọ́n a sì gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sínú eérú rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé iṣu kò ta bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, tí koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí ohun ọ̀gbìn, wọn a kó àdá àti ọkọ́ wọn lọ sí ibòmíràn, wọn a sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún igbó. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ni èyí. Gbòǹgbò igi a máa wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, a sì máa fa oúnjẹ tí òjò ti gbé lọ sí ìsàlẹ̀ padà wá sókè. Ewé rẹ̀ a sì máa wọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún, títí erùpẹ̀ yóò fi tún dúdú. Ẹni tí ó bá ti ka òfin Mósè mọ̀ pé a pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pẹ̀lú pé kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Ọgbọ́n kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀.

Wọ́n mọ iyì ààtàn pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ilé ni ààtàn máa ń wà. Ibẹ̀ ni a ń da eérú, èèpo iṣu, ewé tí a fi di ẹ̀kọ, àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìẹ sí. Ìyá àgbà tí ó bá fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀, elégédé tàbí ata fún ọbẹ̀ ilé rẹ̀, ẹ̀bá ààtàn ni yóò gbìn ín sí, nítorí ó ti rí i tipẹ́ pé ohun tí a bá gbìn síbẹ̀ kì í ràn. Ṣùgbọ́n ààtàn kan kò tó láti bọ́ ju ọgbà ẹ̀yìn ilé lọ. Ní ti oko ńlá, igbó ni ó ń bọ́ ọ. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ, ètò yìí tó fún wọn, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè òmíràn.

Ohun tí ó yí ètò náà padà ni òwò ọjà òkèèrè. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Kápítéènì James Pinson Labulo Davies, ẹni tí a bí ní Sàró ní ọdún 1828, tí ó ti ṣe atukọ̀ àti oníṣòwò ńlá ní Èkó kí òwò rẹ̀ tó wó, lọ dá oko sí Ijọn, tí kò jìnnà sí Agége, ó sì gbin kòkó síbẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó fún títà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìjọba sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí a ti ń hu irúgbìn kòkó, kọfí àti àwọn igi mìíràn láti pín fún àgbẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà reluwé láti Èkó ní ọdún 1896, Agége ni ó gbà kọjá; ní ọdún 1901, ó dé Ìbàdàn. Láti ìgbà náà lọ, ẹrù tí ó bá ti oko Agége jáde ní òwúrọ̀ lè dé etí ọ̀sà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn oníṣòwò Èkó tí òwò ti ṣú rí ọ̀nà tuntun níbẹ̀. Olórí nínú wọn ni Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ìjọ African Church tí ó ya kúrò lára Ìjọ Anglican ní ọdún 1901. Oko rẹ̀ ní Ìfàkò gbòòrò, ó sì kún fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti òkè ilẹ̀ Yorùbá wá. Ní ọdún 1907, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá parí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó sì ń padà sí ìlú rẹ̀, èso kòkó àti ìmọ̀ bí a ti ń gbìn ín a máa bá a lọ. Báyìí ni a ṣe lè wí pé láti ìtòsí Dọpẹmu yìí ni ọ̀pọ̀ kòkó tí ó kọ́ ilé, tí ó sì rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní àárín ilẹ̀ Yorùbá, ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó bí i. Igbó tí a ṣán ní Agége dà bí àpótí ìṣúra tí àwọn ará ìṣáájú fi sílẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé kò lè tán láé. Àmọ́ igi kòkó kì í ṣí lọ bí oko iṣu. Ibi tí a gbìn ín sí ni yóò wà, yóò sì máa so lọ́dọọdún, a ó sì máa kó èso rẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ oníyanrìn etí òkun yìí kò sì lágbára tó erùpẹ̀ Ifẹ̀ tàbí ti Oǹdó fún kòkó. Nígbà tí owó kòkó wá já lulẹ̀ ní ọdún 1920 sí 1921, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, kò sí ìdí tí àgbẹ̀ fi lè máa bá igi tí ń kú lọ jìjàkadì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yí sí obì gbànja, èyí tí ó lè fara da ilẹ̀ náà ju kòkó lọ, wọ́n sì ń fi reluwé kó o lọ fún àwọn Haúsá. Obì Agége ni ó gba orúkọ tí kòkó Agége pàdánù.

Òwò ti fún àgbẹ̀ ní owó, ṣùgbọ́n ó ti kó nǹkan lọ tí kò kọ sínú ìwé. Nínú tọ́ọ̀nù kan àgbàdo gbígbẹ, ó tó nǹkan bí kílò 15 náítírójìn tí ó wà níbẹ̀, àti bíi kílò 3 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Náítírójìn ni ó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó ń ran gbòǹgbò àti èso lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta wọn, pọ̀táṣíọ́ọ̀mù, ni ó ń fún igi àti iṣu lókun. Gbogbo èyí, inú ilẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn ti mú wọn. Nítorí náà àpò tí ó bá jáde ní oko, díẹ̀ nínú ilẹ̀ oko ni ó jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ní ayé àwọn baba wa, èèpo rẹ̀ padà sí ààtàn abúlé. Nígbà tí reluwé dé, Èkó jẹ ẹ́, ó sì da ìyókù rẹ̀ sínú irà àti ọ̀sà. Ilẹ̀ ń san owó orí tí a kò dá padà fún un.

Àwọn ará Yúróòpù ti bá irú ìṣòro yìí pàdé ṣáájú wa. Ní ọdún 1840, Justus von Liebig, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé iyọ̀ inú ilẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn ń mu, àti pé ẹni tí ó bá kó iyọ̀ náà lọ gbọ́dọ̀ dá a padà. Ní ọdún 1842, John Lawes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ láti máa fi ásíìdì tú òkúta àti eegun tí ó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, kí ohun ọ̀gbìn lè tètè rí i lò. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òun àti Joseph Gilbert bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní oko rẹ̀ ní Rothamsted. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1909, Fritz Haber rí ọ̀nà láti mú náítírójìn kúrò nínú afẹ́fẹ́; ní ọdún 1913, Carl Bosch sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ ńlá ní Oppau. Láti ìgbà náà ni fàtíláísà ti di ohun tí ayé lè ṣe bí ó bá ti fẹ́.

Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi dìde láti sọ pé ọ̀nà yìí kò pé. Albert Howard, òyìnbó onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣiṣẹ́ ní Indore ní ilẹ̀ Íńdíà láti ọdún 1924 sí 1931. Ó to koríko, ìgbẹ́ màlúù, erùpẹ̀ àti eérú léra wọn ní ìpele ìpele, ó ń bu omi sí i, ó sì ń yí i padà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ó di ìlẹ̀dú dáradára. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe ní ẹ̀bá ààtàn láìníye ọdún ni òun sọ di ẹ̀kọ́ tí a lè kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Howard lòdì sí fàtíláísà pátápátá, àwọn tí wọ́n sì ń tà á kò ka ìlẹ̀dú rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ìjọba ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ni ọ̀ràn náà ti kọ́kọ́ di ohun ìdánwò. Láàrin ọdún 1921 sí 1936, nígbà tí O. T. Faulkner jẹ́ olórí ẹ̀ka náà, wọ́n rò pé àwọn ti rí ohun tí yóò gba ipò ìsinmi ilẹ̀. Ohun náà ni mukúnà, ẹ̀wà kan tí ó fara jọ wèrèpè, ṣùgbọ́n tí kì í yún ènìyàn. A máa fà bo ilẹ̀, a máa fi gbòǹgbò rẹ̀ gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, a ó sì ro ó mọ́lẹ̀ kí ó jẹrà. Ní oko ìdánwò, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wò ó, ó sì kọ̀ ọ́. Ta ni yóò fi òjò àkókò kan gbáko gbin ohun tí ẹnu kò lè jẹ, tí ọjà kò sì lè rà, kí ó tún fi ọkọ́ sin ín mọ́lẹ̀? Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó mú àgbẹ̀ kọ̀. Ohun tí ó bá máa bọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń ro ilẹ̀ náà láti jẹun pẹ̀lú.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó dára jù wá láti apá Òkè Ọya. Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ méjì, Hartley àti Greenwood, fi hàn pé ìgbẹ́ ẹran díẹ̀ péré lè mú ọkà Àríwá so lọ́nà ìyanu, wọ́n sì rí i pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ìgbẹ́ náà ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i kedere pé ìgbẹ́ àti iyọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn; oúnjẹ kan náà ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1950, a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Sàmárù, lẹ́bàá Sáríà, tí a fi lẹ́tà mẹ́rin pè: D, N, P, K. D ni ìgbẹ́ màlúù. Àwọn mẹ́ta tí ó kù ni náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀táṣíọ́ọ̀mù. Àwọn ilẹ̀ kan gba ọ̀kan, àwọn kan gba méjì, àwọn kan gba gbogbo rẹ̀, òmíràn kò sì gba nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi bójú tó o. Ilẹ̀ tí ó ń gba iyọ̀ náítírójìn nìkan di kíkan, ìkórè rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ń gba ìgbẹ́ àti iyọ̀ pọ̀ ni ó dúró ṣinṣin. Ní Rothamsted pàápàá, níbi tí ìgbẹ́ àti iyọ̀ ti ń bá ara wọn dọ́gba fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, nígbà tí a mú irú àlìkámà tuntun tí ń so púpọ̀ wá, ibi tí a ti fi ìgbẹ́ àti náítírójìn pọ̀ ni ó sábà ń borí.

Ìbá dára bí a bá ti fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ gbogbo àgbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, àpò fàtíláísà olówó pọ́ọ́kú ni ó gba iwájú. Ìlẹ̀dú kò rí ẹni pè é. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dà á sí ilẹ̀ tí kò ní ewé jíjẹrà nínú mọ́. Ọdún àkọ́kọ́ dùn, ìkejì dùn díẹ̀, lẹ́yìn èyí a gbọ́dọ̀ fi kún un kí a tó rí ohun tí a rí tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé iṣu fàtíláísà kì í dùn nínú iyán, ó sì máa ń yára rà nínú àká. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, tí pọ̀táṣíọ́ọ̀mù kò sì tó, ewé ni iṣu yóò máa ṣe, kì í ṣe iṣu gidi. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn iyọ̀ nìkan. Ó wà lọ́rùn àìwọ̀n àti àìsí ìlẹ̀dú lábẹ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wádìí ìdí tí àwọn méjèèjì fi nílò ara wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Fàtíláísà yára, ó sì pọ̀ lágbára: nínú àpò yúríà kan tí ó jẹ́ 50 kílò, náítírójìn tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ 23 kílò. Ṣùgbọ́n òjò Èkó ju 1,500 mìlímítà lọ lọ́dún, amọ̀ inú erùpẹ̀ wa kò sì lágbára láti di oúnjẹ mú. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ lẹ́yìn tí a da iyọ̀ sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bá omi wọ ìsàlẹ̀ lọ kí gbòǹgbò tó mọ̀ pé ó wá. Ìlẹ̀dú ní tirẹ̀ dà bí kànìnkànìn: a máa di omi mú, a máa di iyọ̀ mú, a sì máa bọ́ àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú ilẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń mú ilẹ̀ rọ̀. Ó tún ní àwọn oúnjẹ mìíràn tí ohun ọ̀gbìn ń fẹ́ ní ìwọ̀n bíńtín, tí kò sí nínú àpò yúríà.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀dú wúwo, oúnjẹ inú rẹ̀ sì fọ́n ká. Ká ní ìlẹ̀dú kan ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn, ẹni tí ó bá fẹ́ rí 23 kílò náítírójìn nínú rẹ̀ yóò ru 2,300 kílò lọ sí oko, èyí tí í ṣe àpò 46. Ta ni yóò rù ú? Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde fún ohun ọ̀gbìn ní ọdún kan. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jáde. Bí koríko gbígbẹ inú rẹ̀ kò bá sì tíì jẹrà tán, àwọn ẹ̀dá kéékèèké náà yóò já náítírójìn gbà lọ́wọ́ àgbàdo, ewé rẹ̀ yóò sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá mú ìdajì lára èyí àti ìdajì lára èyí, ẹrù rẹ̀ dín sí ìdajì, owó fàtíláísà rẹ̀ dín sí ìdajì, iyọ̀ a máa bọ́ àgbàdo ní kíákíá, ìlẹ̀dú a sì máa dá iyọ̀ dúró, a sì máa bọ́ ilẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀.

Ìdánwò jẹ́rìí sí èyí ní ẹ̀gbẹ́ wa gan-an. Ní Sékou, ní gúúsù ilẹ̀ Benin, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń bá IITA ṣiṣẹ́, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, fi ohun tútù jíjẹrà àti yúríà pọ̀ bọ́ àgbàdo. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, wọ́n fi hàn pé ìkórè náà ju àròpọ̀ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìbá fi kún un lọ. Nígbà tí òjò dá, ilẹ̀ tí ó ní ohun jíjẹrà ṣì ní ọ̀rinrin. Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ kan tí a pè ní Pacesetter dìde ní ọjà Bódìjà, pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù tí ó ti ń dí gọ́tà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ìlẹ̀dú. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà: ọ̀kan jẹ́ ìlẹ̀dú lásán, a sì fi iyọ̀ ajílẹ̀ kún ìkejì. Nínú àpò kejì yìí ni ìyá àgbà àti Liebig ti pàdé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ ní Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé fàtíláísà tí a ń lò, tí ó jẹ́ bíi kílò 8 lórí hẹ́kítà kan, yóò di kílò 50 kí ọdún 2015 tó parí. Ọdún náà dé, ó sì kọjá, ìlérí náà kò ṣẹ. Nígbà tí wọ́n tún péjọ ní Nairobi ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀rọ̀ wọn ti yí padà: wọ́n dárúkọ ìlẹ̀dú àti fàtíláísà pọ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa ìlera ilẹ̀. Ó gba àwọn olórí ní ọdún méjìdínlógún láti fi ìdajì kejì kún ìdajì kìíní.

Àwa tí a wà ní agbègbè Dọpẹmu ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ìhà ìlà oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ilé-iṣẹ́ fàtíláísà Dangote, tí a ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, ni a kọ́ láti lè ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ní Ìgàndò tí ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, òkìtì pàǹtí Solous ni a ti ń kó ìdọ̀tí Èkó dà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èèpo iṣu Ṣakí, ewé ẹ̀fọ́ Ọ̀tà, ìyàngbò àgbàdo àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ Oǹdó, gbogbo wọn ni ó wà níbẹ̀, pọ̀ mọ́ ọ̀rá, ìgò fífọ́ àti bátìrì. Ilẹ̀ oko àwọn ẹlòmíràn ni a gbé sun síbẹ̀, tí ó ń rùn tí ó sì ń ṣèéfín. Bí a kò bá ya ohun jíjẹrà sọ́tọ̀ láti inú ilé, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè sọ ọ́ di ìlẹ̀dú tí kò ní májèlé nínú. Ọwọ́ ẹni tí ń bẹ iṣu ní ilé ìdáná ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ìtàn yìí má ṣe parí sínú ìwé. Ilé-ìwé tí kò ní ju àyè bí ẹnu ọ̀nà lọ lè ṣe ìdánwò Sàmárù ní kékeré. Ẹ kó èèpo oúnjẹ, ewé àti ìgbẹ́ adìẹ jọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé; ẹ bu omi sí i díẹ̀, ẹ sì máa yí i padà. Nígbà tí ó bá dúdú, tí kò rùn mọ́, tí kò sì gbóná mọ́ nínú, ó ti di ìlẹ̀dú. Ẹ kọ ebè mẹ́rin tí ó dọ́gba. Ẹ má ṣe fi nǹkan kan sí èkíní. Ẹ fi ìlẹ̀dú sí èkejì. Ẹ fi fàtíláísà sí ẹ̀kẹta. Ẹ fi ìdajì ìdajì àwọn méjèèjì sí ẹ̀kẹrin. Kí a ro ìlẹ̀dú mọ́ erùpẹ̀ kí a tó gbìn. Kí a pín fàtíláísà sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí a fi erùpẹ̀ bò ó ní ẹ̀gbẹ́ igi, kí ó má kan ìdí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe po yúríà mọ́ eérú, nítorí òórùn tí yóò máa ta á nímú ni náítírójìn tí ó fi owó rà, tí ó ń fò lọ sójú ọ̀run. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ìkórè ebè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì àti ẹ̀kẹta, nítorí ọdún kan kì í sọ gbogbo òtítọ́ nípa ilẹ̀.

Nínú òwe kan tí Olúwa wa pa, ọlọ́gbà kan wà tí a pàṣẹ fún láti gé igi tí kò so. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, kí ó lè tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kí ó sì bu ìlẹ̀dú sí i. Ọlọ́gbà náà kò bínú sí igi, kò sì sá lọ sí oko tuntun. Ó wo ìdí igi ná. Àwọn baba wa ní igbó tí wọ́n lè sá lọ. Àwọn àgbẹ̀ Agége ní obì tí wọ́n lè yí sí nígbà tí kòkó kọ̀. Àwa kò ní igbó mọ́ láti Dọpẹmu títí dé Ìgàndò. Ilẹ̀ tí ó kù ni èyí tí a dúró lé, àti èyí tí àwọn àgbẹ̀ ní òkèèrè ń ro fún wa. Ẹ jẹ́ kí a dá ohun tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ padà fún ilẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.